Fà, Fún, Jó, Tú: Ìṣirò Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ ní Èdè Yorùbá

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni kí a gbé díẹ̀ nínú àwọn fọ́múlà tí àwọn tí ń to ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń lò yẹ̀ wò, kí a sì wò ó bóyá èdè Yorùbá lè sọ wọ́n délẹ̀ fún ọmọ tí ó bá fẹ́ mọ̀ wọ́n. A kò kọ ọ́ fún àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ; àwọn yẹn ní ìwé tiwọn. Olùkọ́ Yorùbá àti olùyẹ̀wò ni a ń bá sọ̀rọ̀, nítorí pé àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ pé Yorùbá kò ṣeé fi ṣe ìṣirò, àwọn kan nínú wa náà sì máa ń dákẹ́ bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí ìjókòó lásán. Ní Ìlútítun tí mo ti ń ṣiṣẹ́, bí ó ti rí ní Òkìtìpupa àti ní àwọn ìlú Ìkálẹ̀ yòókù, púpọ̀ nínú àwọn ọmọkùnrin tí ó jókòó ní kíláàsì Yorùbá wa ni yóò lọ kọ́ṣẹ́ bí wọ́n bá jáde. Àwọn kan yóò lọ sọ́dọ̀ mekáníìkì. Àwọn kan yóò máa tọ́jú ẹ́ńjìnnì tí a fi ń rin gbágùúdá tàbí èyí tí a fi ń fún epo pupa. Àwọn mìíràn yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìgbókòdá ní etí omi, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń ti ọkọ̀ ojú omi. Yorùbá ni ọ̀gá yóò fi kọ́ wọn níṣẹ́, ìbáà ṣe Ìkálẹ̀ tàbí Ìlàjẹ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan nọ́ńbà, èdè á yí padà: ‘tẹ́nì’, ‘tuẹ́ńtì’, ‘fọ́tì’. Ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ lè pe àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí fún ọdún mẹ́ta kí ó má mọ ohun tí wọ́n ń wọ̀n.

Àwọn tí ó ṣáájú wa ti fi hàn pé ọ̀nà wà. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen’s ‘A’ ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì títí wọ́n fi parí ìwé mẹ́fà. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà kan tí ó fara jọ èyí ní ọdún 2022. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé e. Ìlànà ń lọ, ìlànà ń bọ̀. Ọ̀gá mekáníìkì kò dúró de èyíkéyìí nínú wọn kí ó tó máa fi Yorùbá kọ́ni, nítorí náà kò sí ìdí tí àwa náà fi ní láti dúró.

2. Orúkọ ẹ̀yà àti orúkọ ìṣe

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀rọ̀-àyálò. Àwọn kan láàárín wa kò fẹ́ gbọ́ ‘pístìn’ tàbí ‘sìlíńdà’ rárá. Wọ́n á fẹ́ kí a ṣẹ̀dá orúkọ tuntun fún gbogbo ẹ̀yà. Èmi kò bá wọn lọ níbẹ̀. Ẹ̀yà ọkọ̀ jẹ́ ohun tí ènìyàn ń lọ rà lọ́jà. Bí ọmọ bá dé ìsọ̀ tí ó ní òun fẹ́ ‘ọmọ-odó onírin’, ẹni tí ń ta ọjà yóò wo ojú rẹ̀. Pístìn ni orúkọ rẹ̀, a ti yá a, ó ti di tiwa. Bẹ́ẹ̀ náà ni sìlíńdà, fáàfù, ríìngì, pulọ́ọ̀gì àti tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí ń ṣe ni kò yẹ kí a yá orúkọ rẹ̀, nítorí pé a ní i tẹ́lẹ̀. Irú ẹ́ńjìnnì tí Nikolaus Otto ará Jámánì ṣe ní ọdún 1876, tí ó di baba àwọn ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù òde òní, ìṣe mẹ́rin ni ó ń ṣe léraléra nínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Pístìn sọ̀ kalẹ̀, ó fa afẹ́fẹ́ àti bẹntiróòlù wọlé. Ó gòkè, ó fún wọn pọ̀. Pulọ́ọ̀gì ṣáná, wọ́n jó, wọ́n ti pístìn sísàlẹ̀. Ó tún gòkè, ó tú èéfín síta. Fà, fún, jó, tú: ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kọ̀ọ̀kan ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọmọ tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ rárá sì mọ̀ wọ́n. Mo ti rí i pé ọmọ JSS1 máa ń há a sórí láàárín ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ SSS3 ń pè lódìlódì.

Láti ara àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí àti irú wọn ni a ti lè ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ tí ìṣirò yóò lò: ìfúnpọ̀ láti ara fún pọ̀, ìrìn láti ara rìn, ìyí láti ara yí, ìlọ́ láti ara lọ́. Ìlànà àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni èyí, ohun tí a ń kọ́ni ní kíláàsì lójoojúmọ́ ni.

3. Lẹ́tà wo ni kí a lò nínú fọ́múlà?

Ìbéèrè yìí kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ni ó máa ń da ọ̀rọ̀ rú. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń mú lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ láti dúró fún ohun tí wọ́n ń wọ̀n. Bí àwa bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ wa yóò kún fún i àti a, nítorí pé fáwẹ̀lì ni ó bẹ̀rẹ̀ èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá. Ìbú, ìrìn, ìfúnpọ̀, ìlọ́, ipá: gbogbo wọn ló fi i bẹ̀rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ kì í dúró lójú kan láti ẹ̀ka-èdè dé ẹ̀ka-èdè. Ọmọ Ìkálẹ̀ tí ó ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́ yóò wá i nínú fọ́múlà, kò ní rí i. Àmì ohùn tún ńkọ́? Bí Ì bá dúró fún ohun kan tí Í sì dúró fún òmíràn, ta ni yóò rí i lójú pátákó?

Ohun tí mo dábàá ni pé kí a mú kọ́ńsónáǹtì àkọ́kọ́. Ìbú yóò fún wa ní B (ó sì ṣe kòńgẹ́ pé B náà ni ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń lò), ìrìn ní R, sìlíńdà ní S, àyè ní Y, ìfúnpọ̀ ní F, ìlọ́ ní L, ipá ní P, ọwọ́ ní W. Agbára yóò fún wa ní Gb, kí ẹnikẹ́ni má sì kà á sí G lọ́nà b. Kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo ni gb nínú èdè wa, bí olùkọ́ bá sì rántí rẹ̀ níbí, ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ méjì lẹ́ẹ̀kan. Àyè àti ìyí nìkan ni wọ́n forí gbárí. A ó fi Y ńlá kọ àyè, a ó sì fi y kékeré kọ ìyí.

4. Àyè inú ẹ́ńjìnnì

Nígbà tí wọ́n bá ní ọkọ̀ kan jẹ́ ‘1.8’ tàbí ‘2.0’, àyè tí àwọn pístìn ń gbá nínú àwọn sìlíńdà ni wọ́n ń sọ. Sìlíńdà dà bí agolo róbótó. Bí a bá mọ ìbú ẹnu rẹ̀, tí a mọ gígùn ìrìn pístìn láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí a sì mọ iye sìlíńdà, ìṣirò agolo tí a kọ́ ní ìwé mẹ́fà ni ó kù:

(1) Y = 22/7 × B × B ÷ 4 × R × S

A gbọ́dọ̀ fi sẹ̀ǹtímítà wọn B àti R kí èsì tó jẹ́ ‘síísíì’, bí àwọn mekáníìkì ti ń pè é. Síísíì kan ni àyè inú àpótí kékeré tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ̀rún síísíì ni ó wà nínú lítà kan.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọkọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ dán an wò. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí to Peugeot ní Kàdúná, 504 sì di ọkọ̀ olùkọ́ àgbà àti ọkọ̀ èrò káàkiri ilẹ̀ wa. Nínú ẹ́ńjìnnì 504 tí wọ́n ń pè ní 1.8, ìbú ẹnu sìlíńdà jẹ́ 8.4 sẹ̀ǹtímítà, ìrìn pístìn jẹ́ 8.1, sìlíńdà sì jẹ́ mẹ́rin. 8.4 lọ́nà 8.4 jẹ́ 70.56. Ẹ pín in sí ọ̀nà méje, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 22, ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin: 55.44. Ìlọ́po 8.1 rẹ̀ jẹ́ 449.064, ìlọ́po mẹ́rin ìyẹn sì jẹ́ 1,796.256. Nọ́ńbà tí ó wà nínú ìwé ọkọ̀ náà ni 1,796.

Ibí yìí ni ó yẹ kí olùkọ́ òǹkà Yorùbá ti jókòó dáadáa. Báwo ni a ṣe ń pe 1,796? Ẹgbẹ̀sán dín mẹ́rin. Báwo sì ni àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà ṣe pè é? Wọ́n wo iye ńlá tí ó súnmọ́ ọn jù lọ, wọ́n kọ 1.8 sí i lára, wọ́n sì fi mẹ́rin tí ó dín sílẹ̀ láìsọ. Ẹgbẹ̀sán ni 1.8 yẹn! Òǹkà wa sọ orúkọ tí wọ́n fi ń ta ọjà, ó tún sọ bí ọjà náà ṣe rí gan-an, nínú gbólóhùn kan ṣoṣo. Ẹ wo àwọn yòókù:

504 onílítà méjì ní 1,971 síísíì: ẹgbàá dín mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.
Volkswagen alábahun, tí wọ́n tò ní Èkó bákan náà láti ọdún 1975, èyí tí wọ́n ń pè ní 1300 ní 1,285: ẹ̀ẹ́dẹ́gbèje dín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Èyí tí wọ́n ń pè ní 1500 ní 1,493: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ dín méje.
Corolla 1.6 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jẹ́ 4A ní 1,587: ẹgbẹ̀jọ dín mẹ́tàlá.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ pé àyọkúrò inú òǹkà Yorùbá ni ó mú un ṣòro, pé ó yẹ kí a fi òǹkà ẹlẹ́ẹ̀wá-mẹ́wàá rọ́pò rẹ̀. Fún ìṣirò orí ìwé, mo gbà pé òǹkà ẹlẹ́ẹ̀wá-mẹ́wàá yára jù. Ṣùgbọ́n níbi tí a bá ti ń fi iye ńlá pe nǹkan, tí a sì ń fẹ́ mọ bí ó ti dín tó, òǹkà àwọn bàbá wa kò ṣòro rárá. Bí ọjà ṣe ń ronú ni ó ṣe ń ronú.

5. Gbígbẹ́ sìlíńdà, àti ‘tuẹ́ńtì’

Bí sìlíńdà bá ti jẹ, tí ẹ́ńjìnnì ń mu ọ́ìlì, a máa ń gbé e lọ sọ́dọ̀ tọ́nà kí ó gbẹ́ ẹnu rẹ̀ fẹ̀ sí i díẹ̀, kí a sì ra pístìn tí ó tóbi díẹ̀ sí i. (504 àti alábahun kò sí nínú èyí, sìlíńdà tiwọn ṣeé yọ jáde, ṣe ni a máa ń pààrọ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ pístìn.) Nígbà tí ọ̀gá bá ní ‘ó ti dé tuẹ́ńtì’, ohun tí ó ń sọ ni ogún nínú ẹgbẹ̀rún ìdá ínǹṣì. Ínǹṣì kan jẹ́ mìlímítà 25.4, nítorí náà tuẹ́ńtì jẹ́ 0.508 mìlímítà, ìyẹn ni pé ó lé díẹ̀ ní ààbọ̀ mìlímítà. Pístìn tí wọ́n kọ 0.50 sí lára wà fún èyí.

Mo mọ awakọ̀ kan tí wọ́n ta pístìn 0.25 fún nítorí pé ẹni tí ó rán lọ sọ́jà gbọ́ ‘tuẹ́ńtì’, ó sì rí ‘25’ lára páálí, ó rò pé wọ́n súnmọ́ra. Ẹ́ńjìnnì náà kò lo oṣù kan. Kì í ṣe òmùgọ̀ ni ẹni tí wọ́n rán. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé ínǹṣì ni ti àkọ́kọ́, mìlímítà ni ti èkejì. Gbólóhùn Yorùbá kan ì bá ti gba awakọ̀ yẹn lọ́wọ́ gbèsè: ‘Ààbọ̀ mìlímítà ni kí o rà.’

Ẹ jẹ́ kí á wo bí gbígbẹ́ ṣe ń yí àyè padà. Ẹ́ńjìnnì Toyota Camry 2.2 tí ń jẹ́ 5S, tí ó pọ̀ lára àwọn tòkunbọ̀ ọdún 1992 sí 2001, ìbú ẹnu rẹ̀ jẹ́ 8.7, ìrìn rẹ̀ jẹ́ 9.1, sìlíńdà mẹ́rin. Níbí, ó dára kí a lo 3.142 dípò 22/7, nítorí pé méje kò pín 8.7 dọ́gba. Àyè sìlíńdà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 541. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,164. Bí a bá gbẹ́ ẹ ní ààbọ̀ mìlímítà, B yóò di 8.75, sìlíńdà kan yóò di 547, gbogbo rẹ̀ yóò di 2,189. Síísíì mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ó fi lé sí i. Kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn awakọ̀ máa ń sọ pé ẹ́ńjìnnì tí a gbẹ́ ‘ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ’. Ó ń sáré ju èyí tí ó ti jẹ lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí fífẹ̀ ẹnu. Ríìngì tuntun tí kò jẹ́ kí agbára jò ni.

6. Ìfúnpọ̀

Nínú gbogbo fọ́múlà wọ̀nyí, èyí ni mo rò pé ó lérè jù fún ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìlú wa, òun náà sì ni a kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Nígbà tí pístìn bá wà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ kún gbogbo sìlíńdà àti kòtò kékeré tí ó wà lókè nínú orí ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí pístìn bá gòkè tán, gbogbo afẹ́fẹ́ yẹn ti wọ inú kòtò náà nìkan. Ẹ̀ẹ̀melòó ni a fún un? Ìfúnpọ̀ nìyẹn. Bí Y bá jẹ́ àyè tí pístìn kan ń gbá, tí K sì jẹ́ àyè tí ó kù sókè:

(2) F = (Y + K) ÷ K

Ìfúnpọ̀ 5S jẹ́ 9.5 láti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é. Láti ibẹ̀ a lè mọ K: ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú 9.5, ó ku 8.5, ẹ fi 8.5 pín 541, ó jẹ́ 63.6 síísíì. Ẹ dán an wò: 541 àti 63.6 jẹ́ 604.6, ẹ fi 63.6 pín in, 9.5 náà ni.

Bí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì bá jó, orí ẹ́ńjìnnì máa ń wọ́. Tọ́nà yóò fá ojú rẹ̀ kí ó lè tẹ́jú. Ká sọ pé ó fá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá mìlímítà, tí ẹnu kòtò náà sì fẹ̀ tó àádọ́ta sẹ̀ǹtímítà oníhà-mẹ́rin. 0.03 lọ́nà 50 jẹ́ síísíì kan àbọ̀. Kò pọ̀. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ náà. A kò mọ iye ìgbà tí wọ́n ti fá a lókè òkun. Bí wọ́n bá ti fá a lẹ́ẹ̀mẹta, síísíì mẹ́rin àbọ̀ ti lọ, K ti di 59.1. Bí a bá tún wá gbẹ́ sìlíńdà rẹ̀ ní ààbọ̀ mìlímítà, Y ti di 547. F yóò jẹ́ 606.1 ÷ 59.1, ìyẹn 10.26. Láti 9.5 dé 10.26, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó ṣírò rẹ̀. Bẹntiróòlù kan náà ni yóò máa mu, ooru yóò pọ̀ sí i nínú kòtò, bẹntiróòlù yóò sì máa gbiná kí ó tó yẹ. Awakọ̀ yóò máa gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ bí ó bá ń gun òkè, a ó ní bẹntiróòlù ni kò dára.

Bí a ṣe lè wọn K kò gba ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ẹ dojú orí ẹ́ńjìnnì délẹ̀ kí kòtò kọjú sókè, kí fáàfù àti pulọ́ọ̀gì wà níbẹ̀. Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ sí etí rẹ̀, ẹ fi awẹ́ gíláàsì tàbí ike tí ó mọ́ kedere tí a lu ní ihò kan bò ó. Kí ẹ wá fi síríńjì tí àwọn nọ́ọ̀sì ń lò fa kẹrosíìnì, kí ẹ máa rọ ọ́ sínú ihò náà títí kòtò yóò fi kún. Àmì tí ó wà lára síríńjì ni síísíì, nítorí pé mìlílítà kan àti síísíì kan, ọ̀kan náà ni wọ́n. A ó ro àyè tí ó wà nínú sísanra gásíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, pẹ̀lú èyí tí ó bá wà lórí pístìn. Àwọn ọmọ SSS lè ṣe èyí nínú yàrá sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú orí ẹ́ńjìnnì àlòkù tí kò náni ní ohun tí ó pọ̀.

7. Ìlọ́ àti agbára

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, bí a bá ní ‘ẹ́ńjìnnì yìí lágbára’, a lè máa sọ pé ó lè fa ẹrù wúwo kúrò nínú ẹrẹ̀, a sì lè máa sọ pé ó ń sáré. Ìṣirò kò gba irú àdàpọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ mọ ti àkọ́kọ́ dáadáa láìmọ orúkọ rẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì bá le, kò ní ta sìípánà ní ẹ̀ṣẹ́. Yóò fi páìpù gun ọwọ́ rẹ̀. Ipá rẹ̀ kò pọ̀ sí i, ọwọ́ sìípánà ni ó gùn sí i, nọ́ọ̀tì sì yí. Ohun tí ó pọ̀ sí i yẹn ni a pè ní ìlọ́:

(3) L = P × W

Bí a bá wá béèrè pé ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ́ńjìnnì lè ṣe ìlọ́ yẹn láàárín ìṣẹ́jú kan, agbára ni a ń béèrè. Bí ìlọ́ bá wà ní Newton-mítà, tí y sì jẹ́ iye ìyí ní ìṣẹ́jú kan, agbára ní kìlówáàtì jẹ́:

(4) Gb = L × y ÷ 9,549

Ẹ́ńjìnnì tí ó ní ìlọ́ 150 nígbà tí ó ń yí ní ẹgbẹ̀ẹ́dógún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan ní agbára kìlówáàtì 47, ìyẹn bí ẹṣin mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ọ̀rọ̀ ẹṣin yìí ti ọwọ́ James Watt ará Skọ́tílándì wá ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Ó fẹ́ ta ẹ̀rọ fún àwọn tí ń fi ẹṣin ṣiṣẹ́, ó sì sọ pé kí a ka ẹṣin kan sí ohun tí ó lè gbé ẹrù pọ́n-ùn ẹgbàá mẹ́rìndínlógún ó lé ẹgbẹ̀rún sókè ní ẹsẹ̀ bàtà kan láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí a bá fi 44/7 pín 33,000 yẹn, 5,250 ni yóò jáde. Nínú ìwé, 5,252 ni a óò rí, nítorí pé 22/7 fi díẹ̀ ju iye gidi lọ. Nọ́ńbà tí ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ nìyẹn: ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta ó lé igba ó lé méjìléláàádọ́ta. Bí wọ́n bá mọ ibi tí ó ti wá, ẹ̀rù rẹ̀ á kúrò.

A kò ní pẹ́ lórí eré pístìn. Ìgbà méjì ni pístìn ń rin R nínú ìyí kan, nítorí náà 504 tí ìrìn rẹ̀ jẹ́ 0.081 mítà, bí ó bá ń yí ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáta ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, eré pístìn rẹ̀ jẹ́ mítà 13.5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ti afẹ́fẹ́ náà kò le: nínú ìyí méjì ni sìlíńdà kan ń fà lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹ fi méjì pín ìyí, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po àyè gbogbo ẹ́ńjìnnì. 504 onílítà méjì, ní ìyí ẹgbẹ̀ẹ́dógún, lè fa afẹ́fẹ́ tó lítà 2,956 ní ìṣẹ́jú kan bí ohunkóhun kò bá dí i lọ́nà. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní fi àkísà dí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí.

8. Fún àwọn olùyẹ̀wò

Òǹkà wà nínú iṣẹ́ tí a ń kọ́ àwọn ọmọ. Ohun tí a sábà ń bi wọ́n ni kí wọ́n kọ nọ́ńbà kan ní ọ̀rọ̀, nọ́ńbà tí kò wọ̀n nǹkan kan. Mo rò pé a lè bi wọ́n báyìí pé: ‘Àyè ẹ́ńjìnnì kan jẹ́ 1,493 síísíì. Kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀, kí o sì sọ nọ́ńbà tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà.’ Ọmọ tí ó bá kọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ dín méje ti dáhùn apá kejì láìmọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, kí á ṣọ́ra níbi máàkì. Ọ̀nà tí ó tọ̀nà lè ju ẹyọ kan lọ. 1,493 lè jẹ́ ẹgbèje ó lé mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. 2,164 ti Camry lè jẹ́ ẹgbàá ó lé mẹ́rìnlélọ́gọ́jọ, ó sì lè jẹ́ ẹgbọ̀kànlá dín mẹ́rìndínlógójì. Méjèèjì tọ̀nà, èkejì ni ó bá 2.2 tí wọ́n kọ sí ọkọ̀ náà lára mu. Mo ti rí ìlànà ìmáàkì tí ó kọ ìdáhùn kan ṣoṣo, tí olùyẹ̀wò sì fi fa igi lé èkejì. Ìyà tí kò tọ́ sí ọmọ nìyẹn, ọmọ tí ó sì mọ òǹkà jù ni ó máa ń jẹ ẹ́.

Ní ti àkọtọ́ àwọn ọ̀rọ̀-àyálò, ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjíìnì àti ẹ́ńjìnì ni mo ti rí nínú ìwé tí a tẹ̀. Títí ẹgbẹ́ wa yóò fi fẹnu kò lórí ọ̀kan, kò yẹ kí a gba máàkì lọ́wọ́ ẹni tí ó bá lo èyíkéyìí, bí ó bá ti ń lo ọ̀kan náà jálẹ̀ tí ó sì tẹ̀lé òfin pé kọ́ńsónáǹtì kì í parí sílébù Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù tí kò gbọdọ̀ wọ inú ìdánwò láìsí àlàyé: ‘nọ́ọ̀kì’. Nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, ariwo kọ́-kọ́-kọ́ tí bẹntiróòlù ń ṣe bí ó bá gbiná láìtó àsìkò ni. Lẹ́nu mekáníìkì Ìlútítun, bí wọ́n bá ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, ó ti bàjẹ́ tán nìyẹn, ó di kí a tú u palẹ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ awakọ̀ yóò kọ ìtumọ̀ kejì, ọmọ tí ó kà á nínú ìwé yóò kọ ti àkọ́kọ́. Fún ti ìwé, ẹ lo ‘ìgbiná-àìtásìkò’. Kí ẹ fi nọ́ọ̀kì sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni ín.